Okùn Tó Dáhùn Nínú Kànga Gbígbẹ

Okùn náà kò yẹ kó wúwo. Ó ti pé ọdún méjì tí kànga wa ti gbẹ, òkúta kékeré kan ló sì wà lẹ́nu okùn tí mo fi ń wọn omi. Síbẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó fà mí lọ́wọ́ bí ọmọ tó ń fa ìró ìyá rẹ̀.

Àṣìṣe tèmi ni. Nídìí iṣẹ́ kànga gbígbẹ́, ẹni tó wà lókè á fa okùn lẹ́ẹ̀mejì: "Ṣé o wà?" Ẹni ìsàlẹ̀ á fà á lẹ́ẹ̀kan: "Mo wà." Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí wọ́n fa òun sókè nìyẹn. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì sínú kànga tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀.

Ohun kan dáhùn, lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò sọ fún Màámi. Ẹrù ló ń dì. Ọ́fíìsì omi ti ní bí okùn kò bá tutù títí di ọjọ́ Ẹtì, kọnkéré làwọn máa fi dí kànga náà, kí gbogbo àdúgbò kó lọ. Èmi ò lọ síbì kankan. Láti ìgbà òjò làwa obìnrin ti ń gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ òkè, kí àgbàrá lè dúró, kó rin wọlẹ̀. Ní òdìkejì bọ́dà, bíríkìlà obìnrin kan àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń to òkúta dí àgbàrá tiwọn. Omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà là ń mu.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá bíríkìlà náà nídìí wáyà bọ́dà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé okùn ti fà yín lọ́wọ́ rí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, oòrùn ti pa ọ́. Lọ mu omi."

"Omi dà?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kànga tí bàbá rẹ wá bá wa gbẹ́ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, tó wó bò ó... ọwọ́ mi ni okùn wà. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O mọ bó ṣe fẹ́ràn àwàdà. Mo rò pé eré ló ń ṣe."

Mo ní, "Ṣebí ìhà tiyín nìyẹn. Bọ́dà wà láàárín."

"Ta ló ń béèrè ìwé ìrìnnà lábẹ́ ilẹ̀?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ kọnkéré dé kí ìrì tó gbẹ. Mo ní kí awakọ̀ fún mi láàyè díẹ̀. Mo sọ okùn sílẹ̀, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Bíríkìlà ti gba abẹ́ wáyà kọjá, aṣọ rẹ̀ ti ya. Ó di okùn mú lẹ́yìn mi. "Lónìí, a máa fà á."

A fà á títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi bó. Garawa irin ló jáde níbi tí òkúta wà. Etí rẹ̀ kan ti já, wáyà ni wọ́n fi so ó. Èmi ni mo so wáyà yẹn fún bàbá mi, láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ gbẹ́ kànga yẹn. Omi kún un dẹ́nu, ó mọ́, ó tutù bíi yìnyín.

Awakọ̀ kò dúró gbàṣẹ. Ó yí ọkọ̀ padà. Màámi jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa garawa náà lára.

Mo tún sọ okùn sílẹ̀ láti wọn omi. Ó tutù dé ìwọ̀n apá méjì. Mo fẹ́ máa wọ́ ọ sókè nígbà tó fà mí lọ́wọ́, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mejì: "Ṣé o wà?"

Kòtò mọ́kàndínlógún ló kù tá ò tíì gbẹ́. Mo di okùn mú dáadáa, mo sì fà á lẹ́ẹ̀kan.