Ẹ̀ka Tó Ń Mí Nínú Ọ̀rá

Ọ̀rá tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi bo àwọn ìkòkò òdòdó rẹ̀ ń wú, ó ń rọ̀, ó tún ń wú. Fèrèsé wà ní títì, fáànù ò ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà sá sẹ́yìn mi, bó ti máa ń sá sẹ́yìn obìnrin láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó mi, ṣé ìwọ náà rí i?"

"Ẹ yé pè mí ní ìyàwó yín, Bọ̀ọ̀dá." Nítorí ọjọ́ orí ni mo ṣe ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀, kò sí iyì kankan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti kú ló ni òdòdó náà. Haidirénjà ni, èyí tí ìdì òdòdó rẹ̀ máa ń tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó bọ́jú láàárọ̀, á ti bomi rin ín. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, pálọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń sùn, ó ní òórùn ìpara rẹ̀ ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Nígbà tó kú, a hú òdòdó náà, a sì gbìn ín sórí sàréè rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin yìí fi rí obìnrin mìíràn, télọ̀ kan tó fẹ́ràn òdòdó. Ahun ni, kò lè ra òdòdó. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gba ibi sàréè lọ. Ó gé ẹ̀ka nísàlẹ̀ oríkèé, ó já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ó gé ewé òkè sí ìdajì, ó kì wọ́n sínú yanrìn tútù, ó fi ọ̀rá bò wọ́n kí wọ́n má baà gbẹ. Ó wá ń fọ́nnu káàkiri bí ẹni pé òun ló dá ewé sáyé. Ẹni tí kò mọ ewé yàtọ̀ sí ìwé!

"Ẹ ṣí i," mo ní.

"Ìwọ ni kó o ṣí i."

Mo ṣí i. Atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ fẹ́ sí mi lójú, pẹ̀lú òórùn ìpara ẹ̀gbọ́n mi. Mo di ẹ̀ka kan mú, mo fà á. Nǹkan kan fà á padà nínú yanrìn, jẹ́jẹ́, kó tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi.

"Gbòǹgbò lásán ni," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Gbòǹgbò máa ń lọ́ mọ́ra."

Mo gbọn yanrìn dànù. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ka náà, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n di í, ó le dan-in dan-in, wọ́n sì ta ìdí rẹ̀ ní kókó. Funfun díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú yàrá. Èmi ni mo di irun rẹ̀, mo sì wé gèlè bò ó kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí mo ṣe di í yẹn, mi ò di í bẹ́ẹ̀ fún alààyè rí. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

"Irun ni," mo wí. Mo jókòó sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, tún un gbìn," ó ní. "Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún un. Ọ̀kan tiẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

"Lọ́dọ̀ télọ̀? Kí ló sọ?"

Ó wolẹ̀. "Bí oorun ọ̀sán bá gbé e lọ nígbà tí mo wà níbẹ̀, ó máa ń jí bá irun rẹ̀ ní dídì, mẹ́ta mẹ́ta, gèlè á sì wà lórí rẹ̀. Mi ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ẹ̀ ń dùn sí i."

"Ẹ ò sì sọ fún un?"

Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ó bi mí bóyá èmi ni mò ń ṣe é," ó ní. "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́ gan-an."