Dígí Ara Ògiri

Ọkùnrin kan tẹ etí mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì bí agbẹ̀bí tó ń gbọ́ ọmọ nínú aboyún. Ó ń fi ìka kan ògiri náà, kó, kó, kó, ó sì ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ. Ìyìnolúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sá.

"Kí ló ń sọ fún yín?" ló bi í níkẹyìn.

Ọkùnrin náà ò yíjú. "Ó ní ẹnì kan wọlé, kò kí wa."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ìyìnolúwa. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun." Ó wá yíjú sí i, sìmẹ́ńtì wà nínú irun rẹ̀. "Ibi tó dáa lára ògiri kì í sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ṣófo nínú ló ń rojọ́."

Ọmọ́níyì lorúkọ rẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ ló ti fojú kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà láìní ọ̀gá. Ọdún yẹn ló padà sí ìlú Òsì láti tọ́jú bàbá bàbá rẹ̀. Pásítọ̀ ló pè é, torí ọdún tó ń bọ̀ ni Ìjọ Lutheran wọn yóò pé àádọ́ta ọdún, ògiri apá àríwá sì ti sán láti òkè dé ilẹ̀. Ní ti Ìyìnolúwa, tíṣà ni. Òun ni ìjọ ní kó kọ ìtàn tí wọn yóò kà lọ́jọ́ àjọ̀dún náà.

"Ta ló mọ apá ibí yìí?" Ọmọ́níyì béèrè.

Inú Ìyìnolúwa dùn láti ṣí ìwé rẹ̀. "Ilé kọ̀ọ̀kan ló gba ìwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n pọnmi, wọ́n tẹ amọ̀, wọ́n fi koríko pò ó, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n wọ̀n fún wọn. Ilé Ọlánípẹ̀kun ló mọ ibi tó sán yìí. Koríko tútù ni wọ́n lò, ló bá jẹrà nínú ògiri. Nígbà tí wọ́n bá bàbá náà wí lójú ìjọ, lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ó fìbínú kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ sí Aládùúrà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Bàbá mi. Àwọn ni Bàbá Ìjọ."

Ọmọ́níyì gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀. "Ọlánípẹ̀kun yẹn ni bàbá bàbá mi."

Ìyìnolúwa wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kó wọ̀ ọ́, kò rí.

"Bírò lẹ fi kọ ọ́ ni àbí pẹ́ńsù?"

"Pẹ́ńsù ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ògiri."

Ó mú àfọ́kù dígí fèrèsé tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó fi dábùú ojú sísán náà, ó sì fi sìmẹ́ńtì lẹ orí rẹ̀ méjèèjì. "Dígí ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Bí ògiri bá ṣì ń rìn, yóò kán. Ẹ jẹ́ kí òjò dé ná."

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wá wo dígí náà. Ìyìnolúwa náà ń wá. Tó bá yá, wọn a jókòó sórí àga ìsìn, wọn a máa jẹ ẹ̀pà.

"Tíṣà, ṣé dígí lo wá wò ni, àbí èmi?"

"Dígí ni. Òun ò ní sìmẹ́ńtì nírun."

Nígbà tí oṣù Èbìbí fi máa dé, Ọmọ́níyì ti gbọ́ oríkì Ìyìnolúwa, Àríkẹ́ ló sì ń pè é. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí Bàbá Ìbítóyè, bàbá Ìyìnolúwa.

"Ọmọ ilé wo lo ń bá jẹ̀pà nínú ilé Olúwa?"

"Ilé Ọlánípẹ̀kun, bàbá."

"Ilé tí ò lè mọ ògiri kó dúró! Ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ gbé dúró? Láéláé."

Ní oṣù Òkúdù, òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú. Ìyìnolúwa sáré dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá dígí tó ti kán sí méjì. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Òótọ́ ni bàbá òun sọ, àbí?

"Àríkẹ́, bọ́ síta," Ọmọ́níyì pè é.

Níta, wọ́n ti fi kọnkéré tẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ nídìí ògiri, kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò níbẹ̀. Ọmọ́níyì gbé lẹ́fẹ́lì, ọ̀pá tí omi àti ìhó kan wà nínú rẹ̀, lé e. "Apá tó ga ni ìhó inú rẹ̀ máa ń sá lọ. Wò ó, ojú ọ̀nà ló sá lọ. Ìdí ògiri ni kọnkéré yìí ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí." Ó ti gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ìpìlẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó wá fọ́ ẹyọ amọ̀ kan láti òkè: líle ni, koríko inú rẹ̀ pọ́n, ó gbẹ, ó pé. "Ṣé èyí jọ koríko tó jẹrà?"

Ìyìnolúwa ṣí ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ìyókù: ọdún kejì tí wọ́n da kọnkéré náà ni ògiri sán.

"Bàbá mi ló dà á."

"Mo mọ̀."

"Lọ sọ fún ìjọ, kí orúkọ bàbá àgbà lè mọ́."

"Rárá. Mo ti rí bí orúkọ burúkú ṣe wúwo lórí wọn. Mi ò ní gbé e ru bàbá ẹlòmíì."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyìnolúwa gbé lọ sílé. Nírọ̀lẹ́, ó mú bàbá rẹ̀ wá sídìí ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé garawa omi kan fún un. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dà á sórí kọnkéré."

Bàbá Ìbítóyè dà á. Omi náà ò kọjú sí ọ̀nà. Ó rọra padà sídìí ògiri bí ewúrẹ́ tó ń relé, ó sì wọlẹ̀. Bàbá lọ pọn òmíràn fúnra rẹ̀, ó dà á síbòmíì. Ọ̀nà ilé kan náà ló gbà. Ó dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ta ló ti rí i?"

"Ọmọ́níyì ló rí i. Ó ní òun ò ní gbé orúkọ burúkú ru bàbá ẹlòmíì."

Bàbá dìde, ó ní kó tẹ̀ lé òun, ilé Ọlánípẹ̀kun ló sì gbà lọ. Arúgbó náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ìjọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Èmi ò fi koríko tútù po amọ̀ rí, Ìbítóyè."

"Mo ti mọ̀ báyìí, bàbá. Kọnkéré tèmi ni."

"Ó pẹ́ kó o tó mọ̀."

"Ó pẹ́, bàbá."

Arúgbó náà na ọwọ́ sí i. "Dìde, ẹrẹ̀ ń ba aṣọ rẹ jẹ́. Ọmọbìnrin yìí ńkọ́?"

"Ọmọ mi ni. Ọmọ yín náà ni, bí ẹ bá gbà á."

"Ẹ tún un ṣe, kí ẹ lẹ dígí mìíràn. Bí ó bá la òjò ọdún tó ń bọ̀ já, èmi ni n ó ṣíwájú àwọn tó máa wá tọrọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní lẹ́nu láti bú ilé mi mọ́."

Bàbá Ìbítóyè fúnra rẹ̀ ló fi dígà fọ́ kọnkéré náà. Ọmọ́níyì da òmíràn, ó jẹ́ kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sójú ọ̀nà. Òjò ọdún kejì rọ̀, ó tún rọ̀, ó dá. Dígí ò kán.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Ìyìnolúwa ka ìwé rẹ̀: "Ilé Ọlánípẹ̀kun ló mọ ògiri àríwá. Amọ̀ wọn dára. Kọnkéré tí a dà sídìí rẹ̀ ni kò dára. Bàbá Ìjọ ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Bírò ló fi kọ ọ́. Bàbá Ọlánípẹ̀kun wà ní iwájú nínú aṣọ àdúrà funfun, ó ń nu ojú.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n so Ọmọ́níyì àti Ìyìnolúwa pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà. Bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde lọ, Ọmọ́níyì yọ ọ̀bẹ kékeré kan, ó fẹ́ yọ dígí náà.

Ìyìnolúwa di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi í sílẹ̀." Ó ká ìbòrí ìgbéyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ìka kan ògiri, ó sì tẹ etí mọ́ ọn.

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan," ni Àríkẹ́ wí.