Ẹni Tó Fa Pátákó Ìkìlọ̀ Tu

Ọ̀gá Fọ́tò ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ fọ́tò yíyà ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwòrán kún ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìgbéraga sì kún inú òun náà bámúbámú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún un, ẹ̀rín ni yóò fi í rín. "Ohun tí kámẹ́rà mi ò bá rí," ni yóò wí, "ẹ má fi yọ mí lẹ́nu."

Ẹ gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe mú un.

Ní ọjọ́ kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, télọ̀ kan àti mẹkáníìkì kan, gba ọ̀nà etí òkun lọ láti lọ ya fọ́tò. Ọkọ̀ mẹkáníìkì ni wọ́n gbé. Àbúrò Ọ̀gá Fọ́tò, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ń bọ̀ lẹ́yìn lórí alùpùpù, nítorí kò tètè kúrò níbi iṣẹ́. Télọ̀ yìí ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù, kì í sì í fi bò. Mẹkáníìkì ní tirẹ̀, oúnjẹ ni ó ń rò.

Atẹ́gùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ó ń ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òkun sì ń bú nísàlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Wọ́n dé orí òkè kan tó dá dúró sókè omi, Ọ̀gá Fọ́tò sì pariwo pé kí wọ́n dúró. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pátákó pupa kan wà láàárín rẹ̀: EWU! OMI TI JẸ ABẸ́ ILẸ̀ YÌÍ. MÁ ṢE KỌJÁ IBÍ.

"Pátákó yìí ń ba fọ́tò mi jẹ́," ni ó wí. Ó dì í mú, ó mì í títí, ó fà á tu, ó sì jù ú sínú koríko.

"Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́ dá a padà," ni télọ̀ wí. "Àwọn tó rì í mọ́lẹ̀ kì í ṣe aṣiwèrè."

"Ìwọ náà àti ìbẹ̀rù! Tí a bá ti ń lọ, màá dá a padà. Ṣé ó tán?"

"Bí o ṣe máa ń sọ nípa ọ̀rọ̀ Jésù náà nìyẹn. Ọ̀la, ọ̀la."

"Wàásù ti bẹ̀rẹ̀!" ni mẹkáníìkì wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Fọ́tò rìn lọ sí etí òkè náà gan-an, ó ní kí wọ́n ya òun níbẹ̀. Ilẹ̀ kò mì. "Ṣé ẹ rí i? Kí ló ṣe mí?" Sùúrù Ọlọ́run ni ó gbé e dúró, ó sì rò pé ọgbọ́n òun ni.

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó kọ ọ́ sí i pé: "Má kọjá ibí yìí láì dúró o!" Bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni òjò dé lójijì. Wọ́n sáré wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó rántí pátákó.

Ó tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, òjò ti dá, wọ́n ń jẹun nínú búkà kan lẹ́bàá ọ̀nà, ni fóònù Ọ̀gá Fọ́tò bá dún. Àbúrò rẹ̀ ti fi fóònù lé orí alùpùpù, ó fi ya ara rẹ̀, ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́. "Bùrọ̀dá mi, mo ti débẹ̀! Mo fẹ́ lọ tún un yà, mo dijú nínú èyí."

Ọ̀gá Fọ́tò rẹ́rìn-ín. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ayafọ́tò, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà kí ó lè mọ̀ bóyá ó mọ́ dáadáa. Ó wo ojú, ó wo ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ilẹ̀ ti là. Ìlà dúdú kan gba inú koríko kọjá láti ọ̀tún dé òsì, àbúrò rẹ̀ sì dúró sí òdìkejì rẹ̀, lápá òkun.

Ó pe fóònù náà, kò sí ẹni tó gbé e. Ó tún pè é. "Pátákó," ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Mẹkáníìkì fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ń sáré lọ síbi ọkọ̀.

Wọ́n sáré padà lọ sórí òkè náà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, alùpùpù wà ní ìdúró, fóònù ń dún lórí ìjókòó rẹ̀. Ibi tí Ọ̀gá Fọ́tò fúnra rẹ̀ ti dúró ní ọ̀sán yẹn kò sí mọ́. Ó ti wó sínú òkun.

Ọ̀gá Fọ́tò ṣubú sínú ẹrẹ̀. "Olúwa, èmi ni!" ni ó ké. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà á tu. Mo ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ti pa ọmọ ìyá mi. Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, ṣàánú mi!"

Télọ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó di èjìká rẹ̀ mú. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó èyí náà í wẹ̀," ni ó wí. Wọn kò tíì mọ̀ bóyá àbúrò náà yè. Nínú ẹrẹ̀ yẹn, láì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ni Ọ̀gá Fọ́tò ti fi ayé rẹ̀ fún Olúwa.

Mẹkáníìkì ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ń kérora nísàlẹ̀. Ó mú okùn tí ó fi ń wọ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè sọ̀kalẹ̀. Orí àpáta kan ni àbúrò náà wà. Wọ́n fà á gòkè, ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rún. Àwọn dókítà gé e.

Nígbà tó lajú ní ọsibítù, ìbéèrè kan ni ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bùrọ̀dá mi, kí ló dé tí wọn ò fi ìkìlọ̀ kankan síbẹ̀?"

Ọ̀gá Fọ́tò àtijọ́ ìbá parọ́. Ọkùnrin tuntun yìí sunkún. "Wọ́n fi síbẹ̀. Èmi ni mo fà á tu." Àbúrò rẹ̀ yíjú sí ògiri. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n Jésù ti dárí jì í láti ọjọ́ tó wà nínú ẹrẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, àbúrò yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìbéèrè yẹn. Ìwọ kò ní lè béèrè rẹ̀ níwájú ìtẹ́ Ọlọ́run, nítorí o ti ka ìwé yìí. Ó ti pẹ́ tí o ti dúró sínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ilẹ̀ kò mì, o sì ń wí pé, "Kí ló ṣe mí?" Jọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀. Jésù kú nítorí rẹ, ó sì ń pè ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún un láì fi nǹkan kan bò. Yóò gbà ọ́. Ṣe é lónìí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.