Rédíò Ẹ̀gbẹ́ Balùwẹ̀

"Ẹ wo rédíò! Àbí pósí ẹyẹ ni?"

Afínjú ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń wo fọ́tò pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ aránṣọ, lórí fóònù. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. "Tí a bá dé ilé yín lọ́la, jọ̀ọ́, má jẹ́ kójú mi rí i."

Ọmọ aránṣọ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í gan-an. Nílé Afínjú, tẹlifíṣọ̀n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹyọ wáyà kan kò hàn. Rédíò ibẹ̀ funfun, ó kéré, ó ń dán bí ẹyin.

Tiwọn ńkọ́? Gàgàrà aláwọ̀ ilẹ̀ kan ni, lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, tí wọ́n fi téèpù lẹ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ló ni ín. Ohùn rédíò yìí ni ìyá àgbà fi ń mọ ọ̀nà balùwẹ̀. Aránṣọ kò yé kìlọ̀ pé, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ o!"

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyá àgbà sì ń tòògbé lórí àga. Ọmọ yìí fi kọ́tìnì bo wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó ti fáànù tó ti dípẹtà wọ yàrá. Ó ku rédíò. "Tí mo bá pa á, Màmá á jí," ló sọ nínú ara rẹ̀. Ló bá gbé e bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ló lọ pàdé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, àga ṣófo. Ìyá àgbà ti tẹ̀ lé ohùn rédíò. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti bá a, ó ń kérora. Afínjú sáré lọ pe aránṣọ.

Egungun ìbàdí ti ṣẹ́. Dókítà ní ìyá àgbà kò ní lè dá rìn mọ́. Aránṣọ kò na ọmọ rẹ̀, kò bú u. Ó kàn ń sunkún. Ì bá sàn fún ọmọ náà kí wọ́n nà án.

"Wọ́n ní o tún pálọ̀ ṣe," ni ìyá àgbà wí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Sọ bó ṣe rí fún mi. Ṣé ó lẹ́wà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìwọ tó o fẹ́ tún ilé ṣe nítorí àlejò, kọ́kọ́ wo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Àlejò á wò ó tán, á máa lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ aránṣọ kò tiẹ̀ padà wá mọ́.