Ìbọn Tí Maren Mú Dán

"Má fọwọ́ kan ohunkóhun lórí tábìlì ẹnikẹ́ni, àfi tó o bá kọ́kọ́ tọrọ àyè," ni Orrin Tolliver wí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń pa ọkọ̀ níwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pàtẹ ìbọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu bàbá náà nìyẹn.

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Maren dáhùn. Ó gbá àpótí ìbọn kékeré kan mọ́ra, inú rẹ̀ sì ń dùn kọjá sísọ. Ohun tó rò pé yóò pa bàbá àgbà lẹ́rìn-ín wà nínú àpótí náà.

Ẹ̀rín ti di ọ̀wọ́n nínú ilé wọn. Lorena, ìyàwó Orrin, ló máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, Lorena sì ti kú. Bàbá Maren ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ọkọ mìíràn, bí ọmọbìnrin náà ṣe di ará ilé bàbá àgbà ní ìlú kékeré kan ní Wyoming nìyẹn. Ní ilé ìwé, àwọn yòókù ti mọ ara wọn láti kékeré. Wọn kò bá Maren jà, wọn kò sì fi àyè ìjókòó sílẹ̀ dè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá se ẹ̀wà aláta fún wọn pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn, tí gbogbo yàrá ìjẹun bá ń ho yèè, ìdí fèrèsé ni Maren máa ń dá jẹ tirẹ̀. Bó bá délé, Orrin á wà nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, á máa fi òróró nu ìbọn.

"O ti dé?"

"Mo ti dé, Bàbá."

Ó parí, ó di ọ̀la. Ká máa bá èèyàn gbé inú ilé kan náà ká sì tún máa dá gbé, ìyà ńlá ni.

Orrin kì í ṣe ọdẹ. Awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì ni, àwọn ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ló sì ń kó jọ. Nígbà ayé Lorena, àwọn méjèèjì jọ máa ń lọ síbi ìpàtẹ yìí lásìkò tí ewé bá ń rẹ̀, wọn á sì yan ẹyọ kan tí agbára wọn ká. Nígbà tí àìsàn dé, Orrin ta èyí tí Lorena fẹ́ràn jù láti fi tọ́jú rẹ̀. Ìbọn kúkurú kan ni, tí obìnrin náà máa ń fi sínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀. Wilma Bettis, ọ̀rẹ́ Lorena tó ń ta ìbọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é pé òun ti rí ìbọn náà gan-an. Owó Orrin kò tó. Ó pinnu láti ta ìbọn ẹlẹ́nu gígùn kan nínú tirẹ̀ láti fi kún un.

Ó yọ ọ́ nínú àpótí irin tó máa ń tì, ó yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò pariwo pé màlúù ti já ọgbà. Orrin sáré jáde, kò ti ilẹ̀kùn. Kò dára bẹ́ẹ̀.

Maren wọlé, ó wo ìbọn náà. Aró dúdú tó wà lára rẹ̀ ti ṣí létí létí. Ó ní, ta ló máa fi owó gidi ra àlòkù báyìí? Ó wá ọ̀dà tí bàbá rẹ̀ fi ń mú rìmù ọkọ̀ akẹ́rù dán rí, ó fi ha ìbọn náà títí ó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú irin. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kékeré tí wọn yóò fi gbé e lọ, ó pa á dé, Orrin kò sì tún ṣí i wò mọ́. Oore ló fẹ́ ṣe, kò kàn bèèrè ni.

Wàyí o, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbọn wá síbi ìpàtẹ gbọ́dọ̀ ṣí i lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé òfìfo ni, kí wọ́n sì fi okùn so ó kí ó má lè yìn. Dewey ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ṣí àpótí Orrin, ó sì lanu.

"Orrin! Ọ̀tá rẹ wo ló ṣe èyí? Ta ló bó ìbọn yìí láwọ?"

Orrin wo inú àpótí náà pẹ́. Ó wo Maren. Ojú ọmọ náà ti sọ tán. Kò pariwo, kò bá a wí, ó kàn gbé àpótí náà, ó ń lọ. Maren tẹ̀ lé e. Ó sàn kí bàbá náà jágbe mọ́ òun ju bó ṣe dákẹ́ yẹn lọ.

"Ṣé o ṣì wà láyé, àgbàlagbà yìí?" ni Wilma fi pàdé wọn. Ó gbé ìbọn kúkurú náà lé Orrin lọ́wọ́. Orrin fi àtàǹpàkò pa á lára jẹ́jẹ́, ó dá a padà. Nígbà tí Wilma rí èyí tó ń dán, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Mi ò lè purọ́ fún ẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ojú tó ti rí ayé, ìyẹn àwọ̀ àtijọ́ ara irin wọn, là ń rà lára wọn. Wọ́n ti ha ojú kúrò lára eléyìí. Kò lè tó ìdajì ohun tó o fọkàn sí." Ó mí kanlẹ̀. "Màá bá ẹ tọ́jú ti Lorena di ọ̀sán. Ẹlòmíì ti ń bèèrè ẹ̀."

Wọ́n ń rìn kiri pẹ̀lú àpótí náà ní ṣíṣí, páálí tí Orrin kọ iye owó ìbọn sí wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan dá wọn dúró. Ó ní Garth lorúkọ òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni, òun sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbọn jọ bíi bàbá ìyàwó òun.

"Ẹ wo bó ṣe ń kọ mànà! Ṣé bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ nìyí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo lè san gbogbo iye tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yìí."

Orrin ń wo ọ̀kánkán tábìlì Wilma. Maren mọ̀ pé bí òun bá lè pa ẹnu mọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, ìbọn Lorena yóò padà sílé, òun náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi.

"Kò jáde bẹ́ẹ̀ o, sà," ló wí. "Èmi ni mo fi ọ̀dà rìmù ha á. Mo ti bà á jẹ́."

Garth yọ ọwọ́ lápò. "Ìwọ ọmọ yìí, o yọ mí! Àna mi ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Kérésì." Ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọkùnrin kan ra ìbọn kúkurú náà níṣojú wọn.

Orrin jókòó sínú ọkọ̀, kò ṣíná sí i.

"Kí ló dé tó o fi ha á?"

"Mo fẹ́ kínú yín dùn ni." Omi ti lé ròrò lójú Maren. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀."

"Wàá ti ṣe mọ̀? Mi ò sọ fún ẹ rí. Ìwọ náà ò sì bi mí rí."

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí n máa dà yín láàmú."

Bàbá náà yíjú sí i. "Èmi náà rò pé ìwọ lo ò fẹ́ kí n máa dà ẹ́ láàmú."

Ó dun Orrin, kò sì fi pa mọ́. "Mo fẹ́ ìbọn yẹn gan-an. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn san owó òpè. Ìwọ lo yọ mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Owó díẹ̀ ṣì wà lápò mi. Sọ̀ kalẹ̀, wá bá mi yan òmíràn."

Wọ́n padà wọlé. Ní tábìlì kọ̀ọ̀kan, Orrin ń sọ̀rọ̀. "Wo lẹ́tà ara eléyìí, ó ti parẹ́, wọ́n ti ha á. Wo tọ̀hún, àpò aṣọ ló bó o létí, ẹnì kan gbé e rìn pẹ́." Maren ń bèèrè, ó sì tún ń bèèrè. Níkẹyìn, ó na ìka sí ìbọn kan tí kò lẹ́wà rárá, tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ eléyìí?"

"Ẹnì kankan ò tíì fi ọ̀dà ṣe é lóore, Bàbá."

Orrin bú sẹ́rìn-ín, Dewey sì yọjú láti ẹnu ọ̀nà láti wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Oore tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún èèyàn yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá sì ti ń gbilẹ̀ láàárín yín nínú ilé, ẹ má dúró de ara yín, kí ẹnì kan kọ́kọ́ la ẹnu. Ìbọn Lorena kò padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Orrin bèèrè pé, "O ti dé?" Maren fa àga, ó jókòó tì í, ó ní, "Mo ti dé, Bàbá. Ẹ sọ fún mi, báwo ni Màmá àgbà ṣe rí nígbà ayé wọn?"