Fọ́ọ̀mù Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Ngāhuia àti Ọ̀dùnkún Nani Keita

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òkodoro ọ̀rọ̀ ní marae wa, ọgbà ìpàdé ẹ̀yà wa, kó má jókòó sí gbọ̀ngàn níwájú o. Ilé ìdáná lẹ́yìn ni kó wá. Ibẹ̀ la wà ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, à ń bẹ ọ̀dùnkún fún àwọn àlejò tó wá sìnkú.

Mo bi Ngāhuia, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pé, "Ṣé o ti fi fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ yunifásítì yẹn ránṣẹ́? Ọ̀la ló máa parí o."

"Àǹtí Roha, mi ò ṣe mọ́."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó ti ń sọ láti kékeré pé agbẹ̀bí lòun máa dà! Bí kò bá rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ yìí, ibi tí wọ́n ti ń to èso kíwì sínú páálí ló ń lọ yẹn, bíi tèmi.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo ti ṣe fún àwọn èèyàn mi. Kí ni mo ṣe? Ṣebí abọ́ ni mo kàn ń fọ̀."

Hēmi, àbúrò mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bú sẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ pé ìwọ lo jẹ́ kí ẹran jóná lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi!"

"Hēmi, panu ẹ mọ́ jàre!"

Ìyá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Nani Keita, mi orí. "Ẹ fọmọ sílẹ̀, ó gbẹ̀kọ́. Ọ̀dùnkún kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun dùn."

Ta ló máa bá òwe àwọn baba wa jà?

Erana ni. Òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì ẹ̀yà wa, tíì ló sì wá bù.

"Òótọ́ lẹ sọ, Nani. Ọ̀dùnkún kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n rán an lẹ́nu ni?"

Ẹ̀rín pa wá. Erana ní bójú bá ń ti Ngāhuia láti yin ara rẹ̀, àgbà lè jẹ́rìí sí i. Wọ́n tiẹ̀ ń gba ohùn tí a gbà sórí fóònù.

"Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ò mọ ọmọ yín. Bí wọ́n bá bá òfìfo níbẹ̀, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan ni. Nani, ta ló ń wakọ̀ gbé yín lọ sílé ìwòsàn?"

"Ngāhuia ni."

"Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin wa?"

"Òun náà ni!"

Hēmi ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Òun ló dúró ti ìyàwó mi tó ń rọbí, títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé," ló wí. Ngāhuia bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nani dìde, ó tún aṣọ ṣe, ó kọjú sí fóònù Erana. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè wa, ó dé odò wa, ó ń ki àwọn baba ńlá wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Nani, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì fẹ́ kú!"

"Kó ní sùúrù! Ṣé wọ́n á mọ ọmọ kí wọ́n tó mọ ilé tó ti jáde ni?"

Ọlọ́run ṣe é, bátìrì ò kú. Ngāhuia rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà gbà! Nígbà tó dé fún ìsinmi, ilé ìdáná ló kọ́kọ́ yà sí, ó mú ọ̀bẹ.

"Agbẹ̀bí," ni Hēmi wí, "má jẹ́ kí ẹran jóná o."

Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀yà yín, torí wọ́n lè béèrè ẹ̀rí pé ọmọ ẹ̀yà ni. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì mọ irú ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà. Ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù. Bójú bá sì ń ti ọmọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ nínú adùn rẹ̀, ó yá, ẹ lanu!