Tiransifọ́mà Tó Dákẹ́

Kò sí tẹlifíṣọ̀n onífáàfù tó darúgbó tí tiransifọ́mà tó ń pín iná nínú rẹ̀ kì í kùn. Àwọn oníbàárà mi a máa bẹ̀ mí pé kí n pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá aláránṣọ nìkan ló gbé tirẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní òun fẹ́ kí ó kùn.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo dé ilé wọn, tí èmi àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n náà, tí mò ń wo bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń sún kì.

Ó yíjú wo ọmọ náà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá jókòó tì í, kẹ́kẹ́ á pa. Tí wọ́n bá dìde, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ keje tí èyí bẹ̀rẹ̀ la sin wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún ìyá ọkọ mi. Lánàá, ó dákẹ́ fún ọmọ mi. Bí ẹ ti lọ ni mo pa á. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tún tàn án."

Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo tàn án, mo fi mítà wò ó. Wáyà kan ò já. Iná ń wọlé, ó ń jáde bó ṣe yẹ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin tiransifọ́mà rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n rárá, bí àyà ẹni tó sé èémí.

"Kò sóhun tó ṣe é," mo ní.

Obìnrin náà rọra jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí.

Eruku ti bo ọwọ́ mi. Mo jáde lọ ṣanwọ́ lẹ́yìn ilé. Mi ò tíì ṣí omi tí mo fi gbọ́ ọ lójú fèrèsé: ó ń kùn bí oyin inú agolo.

"Ó ń kùn! Ọmọ mi, ó ń kùn!"

Mo sáré padà kí a lè jọ yọ̀. Bí mo ti tẹ ẹnu ọ̀nà, ó dákẹ́. Mo fẹ̀yìn rìn síta. Ó kùn. Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

Kẹ́kẹ́.

Ìyá ṣì rọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mélòó ló ti dàgbà nínú àwọn ọmọ yín?"